Ìrìn Kẹ̀kẹ́ Ológeere Àtijọ́ àti Bí A Ṣe Lè Mú Un Tuni Lára

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú tàbí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó gọbọi. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni, pàápàá jù lọ èyí tí a fi irin ṣe, tí ó ti pẹ́ nílẹ̀, tí ó fara ti ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́yìn ilé ìdáná, tí kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ gùn ún mọ́. Bí a bá bi ọmọ inú ilé léèrè ìdí tí kò fi gùn ún, èsì tí ó máa ń wá ni pé, "Ó ti le jù. Irin àtijọ́ ni. Bí ènìyàn bá gùn ún tán, gbogbo ara ni yóò máa ro ó." Kì í pẹ́ lẹ́yìn náà tí oníirin yóò fi kọjá, yóò gbé kẹ̀kẹ́ náà sórí ìwọ̀n, owó tí yóò sì san lé e lórí kò ní ju iye tí a ń ta irin fífọ́ lọ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a yiiri wò kí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ tó dé orí ìwọ̀n ni èyí: ǹjẹ́ irin ni ó jẹ̀bi?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ṣáájú kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti alùpùpù tó pọ̀ káàkiri, kẹ̀kẹ́ ni olùkọ́ fi ń ti abúlé kan lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní abúlé kejì. Òun ni katikíìsì fi ń bẹ ìjọ wò. Òun náà ni wolé-wolé fi ń yọ sí àwọn ìyálé ilé lójijì, tí wọn kì í fi í ráyè da omi inú ìkòkò nù. Ìjọba pàápàá mọ iyì rẹ̀, nítorí wọ́n ń gba owó láísẹ́ǹsì lórí rẹ̀. Nínú àwọn kẹ̀kẹ́ ìgbà náà, ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni ni Raleigh, tí ó ń ti ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ara òpópónà Raleigh ní ìlú náà, níbi tí iṣẹ́ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ni ilé-iṣẹ́ náà ti gba orúkọ rẹ̀, kí Frank Bowden tó sọ ọ́ di kọ́ńpìnnì ńlá láti ìparí ọdún 1888 lọ. Irú èyí tí àwọn àgbà ń gùn ga, ó gùn, ó sì wúwo tó nǹkan bí 20 kílò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 28 íǹṣì. Ọ̀pá irin gbọọrọ ni ó ń fa bíréèkì rẹ̀, kì í ṣe wáyà. Sípóòkù 32 ni ó wà ní ẹsẹ̀ iwájú, 40 sì wà ní ti ẹ̀yìn, nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹrù ń bẹ. Ní ọdún 2002 ni wọ́n ṣíwọ́ kíkan kẹ̀kẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá ti Nottingham, ṣùgbọ́n a ṣì ń ṣe táyà àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí ó bá irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ mu ní ilẹ̀ Íńdíà, nítorí náà ẹni tí ó ní i kò tíì di aláìní olùrànlọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ irin ná. Èrò méjì ni ó takora lórí rẹ̀. Àwọn kan ní irin kò mọ̀ ju líle lọ, pé kò sí bí a ti lè ṣe kẹ̀kẹ́ irin tí yóò tuni lára. Àwọn mìíràn, tí wọ́n fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ dé góńgó, ní irin a máa rọ̀, pé òun ni ó ń gba gbogbo ìjà ọ̀nà sára kí ó má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó sórí rẹ̀. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn méjèèjì ni wọ́n ń ka ohun tí irin kò ṣe sí i lọ́rùn. Bí ẹnikẹ́ni bá so igi mẹ́rin pọ̀ ní igun mẹ́rin, tí ó sì fi ọwọ́ tì í, yóò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan; ṣùgbọ́n bí ó bá so igi mẹ́ta pọ̀ ní igun mẹ́ta, kò ní yẹ̀, àfi bí igi kan bá dá. Igun mẹ́ta méjì tí ó fara ti ara wọn ni férémù kẹ̀kẹ́. Ìdí nìyí tí férémù kì í fi í tẹ̀ sísàlẹ̀ lábẹ́ ènìyàn débi tí ojú lè rí i. Táyà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ní tirẹ̀, lè wọlé ní mílímítà márùn-ún tàbí mẹ́fà bí ẹni náà bá ti jókòó tán. Ta ni nínú àwọn méjèèjì, nígbà náà, ni ó ń gbani lọ́wọ́ òkúta?

Ó tún ku nǹkan kan nípa irin tí àwọn tí ó ń tà á kì í fẹ́ sọ. Irin olówó pọ́ọ́kú àti irin olówó iyebíye, bí èyí tí ilé-iṣẹ́ Reynolds ní ìlú Birmingham gbé jáde ní ọdún 1935 tí wọ́n pè ní 531, ọgbọọgba ni wọ́n ń tẹ̀ bí ìtóbi àti ìnípọn ọ̀pá wọn bá dọ́gba. Agbára láti má ṣe dá, láti má ṣe wọ́, ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ. Agbára yìí ni ó fún alágbẹ̀dẹ láyè láti lo ọ̀pá tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, kí kẹ̀kẹ́ lè fúyẹ́. Ibi kan ṣoṣo tí irin kẹ̀kẹ́ ti ń tẹ̀ tí ó sì ń ṣeni láǹfààní ni fọ́ọ̀kì iwájú. Fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ àgbà gùn, ó sì tẹ̀ síwájú bí apá ẹni tí ó fẹ́ gba nǹkan. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá kọlu òkúta, apá náà a fì díẹ̀, a sì padà sípò. Ire tí ó wà nínú irin fún ara ẹni kò pọ̀ ju èyí lọ, ibẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà pẹ̀lú; a óò dé orí èyí láìpẹ́.

Ìtàn tilẹ̀ ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́tipẹ́. Ní ìlú Paris ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 1860, àwọn ènìyàn ń gun kẹ̀kẹ́ tí a fi igi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, tí a sì fi irin de igi náà yíká. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un kò ju "agbọn-egungun" lọ bí a bá sọ ọ́ ní èdè wa. Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, Robert William Thomson, ti gba ìwé àṣẹ lórí táyà tí afẹ́fẹ́ ń bẹ nínú rẹ̀ láti ọdún 1845, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí ì bá lò ó kò tíì dé, gbogbo ènìyàn sì gbàgbé. Ó di ọdún 1887 kí John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko ní ìlú Belfast, tó tún ọgbọ́n kan náà dá nítorí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ rẹ̀ ń gùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1889, Willie Hume gbé táyà oníafẹ́fẹ́ yìí dé ibi eré ìje ní Belfast, ó sì borí àwọn tí ó gun táyà rọ́bà gídígbá. Irin tí ó wà lábẹ́ Hume àti irin tí ó wà lábẹ́ àwọn tí ó fẹ̀yìn wọn gbálẹ̀ kò yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó yàtọ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé kì í ṣe ìtura nìkan ni ó fi borí wọn. Ó yá jù wọ́n lọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti takókó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé bí táyà bá ti le tó ni kẹ̀kẹ́ yóò ti yá tó. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọmọ yóò gbé pọ́ǹpù, yóò fẹ́ táyà títí yóò fi le bí òkúta, yóò sì wá máa ṣàròyé pé kẹ̀kẹ́ ń gbọ̀n jìgìjìgì. Lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ gbọ̀ngàn, òótọ́ díẹ̀ wà nínú èrò náà. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà oníyangí, tàbí lórí ọ̀dà tí òjò ti jẹ, gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ tí táyà líle bá kàn ni yóò gbé kẹ̀kẹ́ àti ènìyàn sókè pọ̀. Agbára tí a fi gbé wọn sókè kì í ṣe agbára tí ó ń lọ síwájú. Ara tí ó ń gbọ̀n pàápàá ń sọ agbára di ooru lásán, ìdí sì nìyí tí ó fi ń rẹ ènìyàn ju bí ọ̀nà náà ṣe jìn lọ. Táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mọ níwọ̀n, ní tirẹ̀, yóò gbé òkúta mì sínú ara rẹ̀, kẹ̀kẹ́ yóò sì kọjá lórí rẹ̀ geere. Bóyá ohun tí ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é ní ológeere gbọ́ nìyẹn.

Kí wá ni ìwọ̀n? Frank Berto, ará Amẹ́ríkà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lórí kẹ̀kẹ́, dábàá pé kí táyà wọlé ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún gíga rẹ̀ bí ẹni tí yóò gùn ún bá ti jókòó. Táyà kẹ̀kẹ́ àgbà ga tó nǹkan bí 40 mílímítà. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ mílímítà mẹ́fà, èyí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìnípọn pẹ́ńsùlù kan. Bí a ó ti ṣe é kò le. Kí ẹni tí ó ni kẹ̀kẹ́ jókòó sórí rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ kan ti ara ògiri, kí ẹnìkejì bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí táyà ti kan ilẹ̀. Bí táyà kò bá wọlé rárá, kí ó tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde. Bí ó bá wọlé ju pẹ́ńsùlù lọ, kí ó fẹ́ ẹ sí i. Àwọn tí ó fẹ́ràn nọ́ḿbà lè wò ó báyìí: bí ẹni tí ó wọn 70 kílò bá gun kẹ̀kẹ́ tí ó wọn 20 kílò, 90 kílò ni ẹsẹ̀ méjèèjì ń gbé. Nítorí pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ àgbà sún mọ́ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ń gbé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún, èyíinì ni kílò 54. Iwájú gbé 36 tí ó kù. Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn yóò wà láàárín 45 sí 50 pọ́n-ùn lórí íǹṣì kan níbùú lóròó, ti iwájú yóò sì wà láàárín 30 sí 35. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fẹ́ méjèèjì bákan náà, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ àti èjìká wọn jẹ ìyà rẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ iwájú tí kò gbé ẹrù kò níláti le tó ti ẹ̀yìn.

Ọ̀nà pẹ́ńsùlù yìí dára ju ohun èlò ìwọn-afẹ́fẹ́ lọ fún kẹ̀kẹ́ àtijọ́, nítorí pé fáàfù rẹ̀ ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú tí kì í jẹ́ kí ohun èlò náà ka iye tí ó wà nínú tíúbù bí ó ti yẹ. Fífi àtàǹpàkò tẹ táyà kò sì wúlò tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò, nítorí pé táyà tí ara rẹ̀ nípọn yóò le lábẹ́ àtàǹpàkò bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ẹ̀rọ ńlá tí fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà ọkọ̀ kò sì yẹ tíúbù kẹ̀kẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré tó láti bẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tú afẹ́fẹ́ jù pẹ̀lú. Bí táyà bá rọ̀ jù, ríìmù yóò gún tíúbù mọ́ òkúta, yóò sì dá ihò méjì sí i ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ojú eyín ejò. Ẹni tí ó bá rí irú ihò méjì bẹ́ẹ̀ lára tíúbù rẹ̀ kò gbọdọ̀ wá ìṣó kiri ọ̀nà.

Táyà fúnra rẹ̀ ń kọ́? Rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Táyà tí ó ti wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí baba ti fẹ̀yìn tì yóò ti gan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò ti sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Bí a bá fẹ́ ná owó lórí ohun kan ṣoṣo lára kẹ̀kẹ́ náà, táyà tuntun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀ ni kí a ná an lé. Ìṣọ́ra kan ni ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo táyà tí a bá kọ 28 sí lára ni ó bá ara wọn mu. Èyí tí a kọ 28 × 1½ sí lára ń wọ ríìmù tí ìbú rẹ̀ níbi tí táyà jókòó sí jẹ́ 635 mílímítà. Àwọn 28 mìíràn wà tí tiwọn jẹ́ 622. Mílímítà 13 ni ó wà láàárín wọn, kò sì sí sípánà tàbí èébú tí ó lè mú kí ọ̀kan wọ èkejì. Nọ́ḿbà kékeré tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà ni kí a kà lọ́jà, kì í ṣe ẹnu ẹni tí ó ń tà á.

Lẹ́yìn táyà, ìjókòó ni ó kàn. Kẹ̀kẹ́ àwọn àgbà sábà máa ń ní ìjókòó aláwọ tí sípíríǹgì ńlá méjì wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn sípíríǹgì yìí ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń gbé fún irin férémù. Bí wọ́n bá ti dípẹtà, wọn kò ní tẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé wọ́n ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Kí a fi ìkúùkù tẹ ẹ̀yìn ìjókòó náà: bí kò bá lọ sísàlẹ̀, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìpẹtà náà kúrò, kí a sì kán òróró sí i. Nọ́ọ̀tì kan wà lábẹ́ imú ìjókòó tí a fi ń fa awọ. Bí awọ bá ti rọ̀ jọ̀bọ̀, kí a yí i díẹ̀díẹ̀, kí a má yí i ju ìlàrin ìyípo kan lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí awọ tí a fà jù yóò ya. Àwọn kan máa ń di tìmùtìmù tàbí fóòmù mọ́ ìjókòó. Ìtura ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìyẹn ń mú wá. Lẹ́yìn rẹ̀, fóòmù yóò fún pọ̀ sí ibi tí kò yẹ, itan méjèèjì yóò sì kú tipiri.

Ọ̀ràn kan wà níbí tí ó jọ ẹ̀fẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọmọ a máa jogún kẹ̀kẹ́, a sì jogún gíga ìjókòó mọ́ ọn. Baba lè ga ju ọmọ lọ, ó sì lè kúrú jù ú. Bí ìjókòó bá kéré sí ènìyàn, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò fi lé e lórí bí àpò gàrí, eékún rẹ̀ yóò sì máa dùn ún. Bí ó bá ga jù, ìbàdí rẹ̀ yóò máa fì sí ọ̀tún àti sí òsì. Ìwọ̀n tí ó rọrùn ni pé, bí a bá fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dàlì tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹsẹ̀ na tán. Nígbà tí a bá wá ń fi iwájú ẹsẹ̀ wà á gẹ́gẹ́ bí ó ti tọ́, eékún yóò kọ́ díẹ̀, ìyẹn sì ni ó dára. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà níláti wà níbi tí ìgbọ̀nwọ́ kò fi ní na gán-ín. Apá tí ó kọ́ díẹ̀ jẹ́ sípíríǹgì, ẹsẹ̀ tí ó dúró lórí pẹ́dàlì jẹ́ sípíríǹgì. Ẹni tí ó bá rí kòtò níwájú tí ó sì gbé ìdí rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó díẹ̀ ti ṣe fún ara rẹ̀ ohun tí kò sí férémù kankan tí ó lè ṣe fún un. Bí ọ̀pá ìjókòó bá ti fi ìpẹtà lẹ̀ mọ́ inú férémù, kí a kán òróró sí i, kí ó sùn mọ́jú, kí a sì fi sùúrù yí i. Òòlù kò ní ohunkóhun ṣe níbẹ̀.

Èdè Yorùbá fún wa ní irinṣẹ́ kan tí kò sí nínú àpótí alátùn-únṣe. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tí kò lè sọ bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe ń dún. Bí ó bá ń dún gbàgàgbàgà lórí òkúta, mọ́dígáàdì tàbí kàríà ni ó tú; nọ́ọ̀tì méjì ni oògùn rẹ̀. Bí ó bá ń dún wíín-wíín bí ẹyẹ, ṣéènì ń bẹ̀bẹ̀ fún òróró. Bí ó bá ń dún kọ́, kọ́, kọ́, tí kíkọ́ náà sì ń wá lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yí po, píìnì tí ó de apá pẹ́dàlì mọ́ ọ̀pá àárín ti jẹ. Kí a pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó jẹ apá náà pàápàá. Bí ó bá sì ń dún kẹrẹkẹrẹ, tí a ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ ju bí a ti ń gbọ́ ọ létí lọ, àwọn ọta róbótó tí ó wà nínú họ́ọ̀bù tàbí ní àárín ni ó ti gbẹ tàbí tí iyanrìn ti wọ̀ wọ́n. Kì í ṣe asán ni a fi ka ìró mọ́ ọ̀ràn ìtura. Etí ń kọ́ ara lẹ́rù. Kẹ̀kẹ́ tí ó ń pariwo dàbí ẹni pé ó le ju bí ó ti le lọ.

Iṣẹ́ àwọn ọta yẹn kò nira fún ẹni tí ó bá ní sùúrù. A ó tú wọn, a ó fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, a ó nù wọ́n gbẹ, a ó sì fi gíríìsì tuntun gbé wọn padà. Ní àárín, níbi tí pẹ́dàlì ti ń yí, mọ́kànlá ni ó máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìtóbi ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlàrin íǹṣì. Kí a kà wọ́n bí wọ́n ti ń jáde, nítorí pé ọ̀kan tí ó yí sábẹ́ àga ni yóò da gbogbo iṣẹ́ rú. Ti họ́ọ̀bù ni ó gba ọgbọ́n díẹ̀: bí a bá ti dè é tí ó dára lọ́wọ́, tí a wá fún nọ́ọ̀tì ìta mọ́ férémù, yóò tún fún sí i. Nítorí náà, kí a fi àyè tín-ín-rín sílẹ̀ fún un kí a tó gbé ẹsẹ̀ náà padà sípò.

Ní ti sípóòkù, onílù dùndún ni ó yẹ kí ó ṣàlàyé rẹ̀. Bí onílù ṣe ń fa ọsán ìlù rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè ṣe déédé ni atúnkẹ̀kẹ́ṣe ṣe ń fa sípóòkù. Bí a bá fi èékánná ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà níláti fohùn jọ ara wọn. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá kú ti dẹ̀, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni ó sì ń gbé ẹrù rẹ̀. Ọsán já, ọrun dọ̀pá. Sípóòkù kan já, ríìmù wọ́. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dẹ sípóòkù nítorí ìtura. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kì í rọ̀ sísàlẹ̀ nítorí pé sípóòkù rẹ̀ dẹ̀. Ńṣe ni yóò máa fì sọ́tùn-ún sósì, bíréèkì yóò sì máa gbá a mú ní apá kan.

A wá dé ibi ewu. Fọ́ọ̀kì tí a ní ó ń fì fúnni yẹn ti ń fì láti ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Irin a máa rẹ̀ bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, kí ó tó kán ó sì sábà máa ń sọ̀rọ̀. Kí a nu fọ́ọ̀kì náà mọ́, kí a gbé e sínú oòrùn, kí a wo abẹ́ ibi tí apá rẹ̀ méjèèjì ti pàdé, kí a sì wo ẹ̀yìn ọrùn kẹ̀kẹ́ lábẹ́ ọ̀pá tí ó dà sísàlẹ̀. Ọ̀dà tí ó hun jọ bí ìwé tí a ká, tàbí ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ti ìpẹtà tí ó ń padà wá lẹ́yìn tí a nù ún, kì í ṣe ẹgbò ojú ọ̀dà. Fọ́ọ̀kì tí ó ti kọlu ògiri rí, tí ó sì ti wọ́ sẹ́yìn, kò ṣeé fi òòlù tọ́ padà kí a sì tún gbẹ́kẹ̀ lé e. Kí a wá òmíràn. Bákan náà ni ti jíjó férémù. Idẹ yíyọ́ ni wọ́n fi so àwọn ọ̀pá náà pọ̀ sínú ihò wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ooru rẹ̀ sì kéré sí èyí tí ó ń yọ́ irin. Iná mànàmáná alurinmọ́rin lè jẹ ọ̀pá tí kò nípọn ju mílímítà kan tàbí méjì lọ. Bíréèkì ọlọ́pàá irin pẹ̀lú kò ṣeé fi ojú fo. Ríìmù rẹ̀ jẹ́ irin tí a fi kírómù bò, bí omi òjò bá sì ti bà á, bíréèkì kì í tètè mú un. Bí a bá ti mú kẹ̀kẹ́ yá, tí a mú un rọ̀, kí a pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì kí a tó gùn ún jáde, nítorí ẹni tí kẹ̀kẹ́ kò gbọ̀n mọ́ lábẹ́ rẹ̀ kì í sábà mọ bí ó ti ń sáré tó.

Ó ku ọ̀ràn ọ̀dà, tí ó jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀dà kò kan ìrìn kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nàkọnà. Ó kan ẹwà rẹ̀ àti ìdáàbòbò irin lọ́wọ́ ìpẹtà. Bí owó bá kù lẹ́yìn táyà àti rọ́bà bíréèkì, kí a kùn ún. Kí a ṣáà má ṣe fi ọ̀dà bo nọ́ḿbà tí wọ́n lù sára férémù, nítorí òun ni a fi ń dá kẹ̀kẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá bí olè bá gbé e lọ.